Eegun ọmọge àti ìwọ̀n ara rẹ̀: ohun táwọn ìyá àtàwọn ọmọ máa ń bi mí

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, àwọn ọ̀dọ́langba ni mo sì sábà máa ń tọ́jú. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ìyá kan kì í fa ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé kó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wò ó, ṣé kò ti sanra jù báyìí?" Òmíràn á ní tòun ló rù jù. Ìwọ̀n ni gbogbo wọn ń wò. Èmi náà ń wò ó, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ìwọ̀n kan pọ̀ tàbí pé ó kéré láìmọ ibi tí eegun ọmọ náà dàgbà dé. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù jọ síbí.

Kí ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ orí eegun? Ṣé ó yàtọ̀ sí ọjọ́ orí ọmọ ni?

Ó yàtọ̀ gan-an. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ni ìwé ìbí rẹ̀ ń sọ. Bí ara rẹ̀ ṣe gbó tó ni eegun ń sọ.

Nígbà tí a bá bí ọmọ, púpọ̀ nínú eegun rẹ̀ ló ṣì rọ̀, bí èyí tí a máa ń rún lẹ́nu nínú ẹran, tí àwọn kan ń pè ní bísíkíìtì bóònù. Díẹ̀díẹ̀ ló ń di eegun líle. Eegun wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà. Bí wọ́n bá ya X-ray ọwọ́ ọmọ tuntun, ẹ ò ní rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, nítorí ohun tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í hàn nínú X-ray. Méjì á kọ́kọ́ yọ láàárín oṣù mélòó kan, àwọn yòókù á máa tẹ̀ lé e. Èyí tó máa ń kẹ́yìn kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ó sì máa ń yọ nígbà tí ọmọbìnrin bá wà ní bí ọdún 9 tàbí 10.

Ẹ gbé X-ray ọwọ́ ọmọ ọdún 10 sókè síbi iná. Ẹ ó rí ìlà dúdú tín-ín-rín nídìí eegun ìka kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n fi bíléèdì gé e tí wọn ò sì lẹ̀ ẹ́ pa dà. Àyà àwọn ìyá máa ń já: "Ṣé ó ti kán ni?" Kò kán o. Ojú ìdàgbà nìyẹn, ibẹ̀ ni eegun ti ń gùn. Bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà ni ìlà náà ń tín-ín-rín sí i, títí eegun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì yóò fi so pọ̀ di ọ̀kan. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pa dé, ọmọ ò ga mọ́.

Ọmọ ọdún 11 méjì lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí eegun ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ ọdún 9 àbọ̀, kí ti èkejì jẹ́ ti ọmọ ọdún 12 àbọ̀. Kò sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn.

Kí ló dé tó jẹ́ ọwọ́ òsì ni wọ́n ń yà? Ṣé X-ray náà ò ní pa ọmọ lára?

Eegun tó kóra jọ sí ọwọ́ àti ọrùn ọwọ́ jẹ́ 27, fọ́tò kan ṣoṣo sì ti mú gbogbo wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣiṣẹ́, òun ló sì máa ń fara gbọgbẹ́ jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan òsì. Ní ti ewu, ìtànṣán tó wà nínú X-ray ọwọ́ kan kò tó èyí tí ara gbogbo wa ń gbà láti inú ilẹ̀ àti òfuurufú lóòjọ́.

Dókítà á gbé fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwòrán inú ìwé kan, á wo èyí tó jọ ọ́ jù. Ìwé tí wọ́n mọ̀ jù ni ti Greulich àti Pyle, tó jáde lọ́dún 1950, tí wọ́n gbé ka orí iṣẹ́ tí Todd ti tẹ̀ jáde lọ́dún 1937. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Tanner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà míì: wọ́n ń fún eegun kọ̀ọ̀kan ní máàkì bí olùkọ́ ṣe ń máàkì ìdánwò, wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀yin ìyá tó ń tọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, ẹ fetí sí èyí. Ọmọ àwọn òyìnbó tó rí jájẹ ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n ya fún ìwé Greulich àti Pyle, láàárín ọdún 1931 sí 1942. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé eegun ọmọ yín fi oṣù mélòó kan ṣáájú, ẹ bi dókítà bóyá ó ti ro ti ìyẹn mọ́ ọn. Ìbéèrè tó tọ́ ni, ẹ má tijú.

Ṣé òótọ́ ni pé bí ọmọbìnrin bá sanra, eegun rẹ̀ á yára gbó?

Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Eegun àwọn ọmọbìnrin tó sanra jù máa ń fi oṣù mélòó kan tàbí ọdún kan, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣáájú ọjọ́ orí wọn.

Ọ̀rá kì í ṣe ẹrù lásán. Ó ń ṣiṣẹ́ lára. Inú rẹ̀ ni ara ti ń sọ àwọn họ́mónù kan, ìyẹn ohun tó ń jíṣẹ́ káàkiri ara, di estrogen, họ́mónù obìnrin. Òun náà ló ń ṣe leptin, tó ń ròyìn fún ọpọlọ pé oúnjẹ wà nílé, kò sí ìyàn. Estrogen ní tirẹ̀ ń bá ojú ìdàgbà wí. Bó bá kéré, ó ń mú kí eegun gùn. Bó bá wá ń pọ̀ sí i, ó ń mú kí eegun gbó, kó sì pa dé.

Ọkùnrin kan ló jẹ́ kí ayé mọ̀ dájú pé estrogen ló ń ti ilẹ̀kùn yìí. Lọ́dún 1994 ni àwọn dókítà kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 28 ni, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 204, ó sì ṣì ń ga sí i. Eegun rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ ọdún 15. Estrogen wà lára rẹ̀ dáadáa, àbùkù kan ló wà nínú jíìnì rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí estrogen ń wí. Ṣáájú ìgbà yẹn, họ́mónù ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ń pa eegun ọkùnrin dé.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ìdajì ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé. Bí sísanra ṣe lè mú kí eegun yára, bẹ́ẹ̀ náà ni eegun tó yára ṣe ń mú kí ọmọ wúwo, àní bí kò tilẹ̀ sanra rárá. Ọmọ ọdún 11 tí ara rẹ̀ ti tó ti ọmọ ọdún 13 máa wọn tó ọmọ ọdún 13. Ìbàdí rẹ̀ á ti fẹ̀, ọmú rẹ̀ á ti yọ, ẹran ara rẹ̀ á ti kún. Bí a bá wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, tí a ní ó sanra, irọ́ la pa mọ́ ọn.

Ìyá kan mú ọmọ ọdún 10 wá bá mi, kílò 44. Ó ti gba oúnjẹ alẹ́ lẹ́nu ọmọ náà fún bí oṣù méjì. Mo ní kí ọmọ bọ́ bàtà, kó fara ti ògiri, kó wo iwájú. Sẹ̀ǹtímítà 154! Mo ṣírò BMI rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú gíga rẹ̀, mo gbé e lé orí àtẹ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ọdún 2007, kò tilẹ̀ dé ààlà ẹni tó sanra jù. Gíga ló ga, ara rẹ̀ ló ṣáájú. Ìyá rẹ̀ dákẹ́, ló bá gbá ọmọ náà mọ́ra. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tó bi ìyá rẹ̀ pé, "Ṣé mo lè jẹ ẹ̀bà lálẹ́ òní?" Mi ò tíì gbàgbé ohùn yẹn.

Ṣé ọmọ tó sanra máa kúrú nígbà tó bá dàgbà nìyẹn?

Kì í ṣe dandan. Lọ́mọdé, àwọn ni wọ́n sábà máa ń ga jù. Ẹ wo ìlà àsẹ́ḿbìlì níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń tò wọ́n sí. Bó bá wá di ọdún 14 tàbí 15, àwọn tíńtìntí tó máa ń dúró níwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn, àwọn míì á tilẹ̀ kọjá wọn. Eegun tó tètè bẹ̀rẹ̀ tètè parí ni. Nígbà tí gbogbo wọn bá dàgbà tán, gíga tó ti ṣáájú yẹn á ti pòórá. Gíga bàbá àti ìyá ló ń sọ púpọ̀ nínú ibi tí ọmọ máa ga dé.

Ìyá mi máa ń sọ pé bí ọmọbìnrin bá ti tó ìwọ̀n kan ló ń rí nǹkan oṣù. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá yín ò jìnnà sí ohun tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn rò nígbà kan. Lọ́dún 1970, Rose Frisch àti Roger Revelle kọ̀wé ní Amẹ́ríkà pé, yálà ọmọbìnrin tètè bàlágà tàbí ó pẹ́, ìwọ̀n ara wọn nígbà tí nǹkan oṣù bá kọ́kọ́ dé máa ń sún mọ́ra wọn, bíi kílò 48. Lọ́dún 1974, Frisch àti onímọ̀ mìíràn mú ọ̀rọ̀ náà dórí ọ̀rá: wọ́n ní ọ̀rá gbọ́dọ̀ tó bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ara kí nǹkan oṣù tó lè bẹ̀rẹ̀.

Àríyànjiyàn gbòde. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé ìpíndọ́gba ni kílò 48 yẹn. Bí ẹ bá mú àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ ní kílò 38, òmíràn á di kílò 60. Kò sí kílò kan tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́. Síbẹ̀, Frisch ò ṣìnà pátápátá. Nígbà tí wọ́n ṣàwárí leptin lọ́dún 1994, ọ̀nà tí ọ̀rá fi ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ wá hàn kedere. Bí ọ̀rá ò bá tó, ọpọlọ kì í jẹ́ kí ìbàlágà tẹ̀ síwájú.

Ní tèmi, bí wọ́n bá ní kí n sọ ìgbà tí nǹkan oṣù ọmọ kan máa dé, eegun ni màá wò ṣáájú ìwọ̀n. Ní ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin, ó máa ń dé nígbà tí ọjọ́ orí eegun bá wà ní bíi 13, yálà ọdún 11 ni wọ́n wà tàbí ọdún 14. Ó máa ń tó bí ọdún kan lẹ́yìn ìgbà tí gíga wọn yára jù lọ. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti bẹ̀rẹ̀, gíga tó kù kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 lọ.

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ọmọ ọdún 11 ni mí. Èmi ni mo tóbi jù ní kíláàsì wa, òròbò ni wọ́n ń pè mí. Ṣé kí n má jẹun alẹ́ mọ́ ni?

Rárá o, ọmọ mi. Jẹun alẹ́ rẹ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára rẹ báyìí. Láàárín bí ọdún méjì tí ọmọbìnrin bá ń ga jù, eegun rẹ̀ ń kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ohun líle tó máa gbé dàgbà. Ọdún méjì péré! Àwọn onímọ̀ ní Saskatchewan, ní ilẹ̀ Kánádà, tẹ̀ lé àwọn ọmọ bíi tìẹ láti ọdún dé ọdún kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gíga ló máa ń kọ́kọ́ ṣáájú, líle á wá tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún 11 tàbí 12 tó bá ṣubú fi máa ń tètè ṣẹ́ lápá. Bí o bá febi pa ara rẹ lásìkò yìí, eegun ni wàá jẹ ní gbèsè.

Sọ fún màmá rẹ pé kí wọ́n mú ọ wá kí a wọn gíga rẹ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara rẹ kàn ṣáájú tiwọn ni. Bó bá wá jẹ́ pé òótọ́ ni ọ̀rá pọ̀, ohun tí a máa dín ni mínírà, bísíkíìtì àti púfù-púfù tí ẹ ń rà ní géètì, a ó sì fi eré kún un. A ò ní gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ. Àwọn tó ń pè ọ́ ní òròbò, sọ orúkọ wọn fún olùkọ́ rẹ, má dákẹ́.

Ọmọ tèmi rù bí igi, ọmú ò sì tíì yọ. Ìgbà wo ló yẹ kí n dààmú?

Bó bá pé ọdún 13 tí ọmú ò tíì yọ rárá, tàbí tó pé ọdún 15 tí kò tíì rí nǹkan oṣù, ẹ mú un lọ rí dókítà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìran ni: ìyá náà pẹ́, àbúrò ìyá pẹ́, eegun ọmọ náà kàn fara balẹ̀ ni, ó ṣì máa ga dáadáa.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. Àwọn ọmọ SS sábà máa ń fúyẹ́, eegun wọn máa ń pẹ́ kó tó gbó, nǹkan oṣù wọn náà sì máa ń pẹ́. Ara wọn ń ná oúnjẹ púpọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ tuntun tó gbọ́dọ̀ máa ṣe lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú wọn ló ń bàlágà nígbà tó bá yá, wọ́n sì ń tẹ̀ síwájú láti máa ga nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti dúró. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọbìnrin yín pé kò ní di obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà rẹ̀ pé kó máa wọn gíga rẹ̀, kó má jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni yóò máa yẹ̀ wò.

Ọmọ tó ń sá eré ìje tàbí tó ń jó ijó oníṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Bí oúnjẹ ò bá tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe, ara á kọ́kọ́ dá nǹkan oṣù dúró, estrogen á lọ sílẹ̀, eegun á sì fẹ́lẹ́. Bí nǹkan oṣù tó ti ń wá tẹ́lẹ̀ bá dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta, kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe ìdùnnú.

Ọmú ọmọ mi ti ń yọ, ọdún 7 péré ni!

Ẹ má fi ṣeré. Kí ọmú yọ kó tó pé ọdún 8, ó yẹ kí dókítà rí i, wọ́n á sì ya ọwọ́ rẹ̀. Bí eegun bá ti sáré jù, oògùn wà tí wọ́n fi ń dá ìbàlágà náà dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ojú ìdàgbà má bàa tètè pa dé. Lẹ́yìn ọdún 8, ọ̀rọ̀ náà ń rọ̀ díẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1997, tó kan àwọn ọmọbìnrin tó lé ní 17,000, ọmú àwọn ọmọ dúdú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní bí ọdún 9, ti àwọn òyìnbó ní bí ọdún 10. Ẹ má ṣe fi ẹ̀sùn kan ọmọ náà pé ó ti ń ṣe ìṣekúṣe o. Họ́mónù ni.

Ṣebí ọmọ tó wúwo ní eegun tó lágbára jù?

Ní apá kan. Eegun máa ń le dé ìwọ̀n ẹrù tí a bá gbé lé e. Àmọ́ iṣan tó ń fà á lójoojúmọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà jù, ọ̀rá ò lè fa eegun. Wọ́n ti wọn apá àwọn obìnrin tó ń gbá tẹníìsì: apá tí wọ́n fi ń gbá a máa ń ní eegun tó nípọn ju ìkejì lọ, ìyàtọ̀ náà sì pọ̀ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́rin lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú nǹkan oṣù àkọ́kọ́ tàbí lásìkò rẹ̀ ju àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Tẹníìsì kọ́ ni dandan. Tẹ́ńtẹ́n tí àwọn ọmọ ń ta, okùn tí wọ́n ń fò, fífò sókè àti bíbalẹ̀ wọn gan-an ni eegun fẹ́.

Ewu kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá ọmọ tó sanra mọ̀. Bí ìwọ̀n bá pọ̀ jù nígbà tí ojú ìdàgbà ṣì rọ̀, orí eegun itan lè yọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin ní bí ọdún 11 tàbí 12, kì í sì wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dé, torí ojú ìdàgbà ti ń pa dé nígbà yẹn. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé orúnkún lọmọ máa ní ó ń dun òun. Wọ́n á fi òróró pa á, wọ́n á ní ó ti yẹ̀. Bí ọmọ tó sanra bá ń tiro, tó ní itan tàbí orúnkún ń dun òun, ẹ má fọwọ́ ra á. Ẹ má jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ náà rìn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n ya X-ray ìbàdí rẹ̀.

Oúnjẹ wo ló dára fún eegun láìsọ ọmọ di sísanra?

Kálísíọ̀mù ni eegun ń bèèrè jù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí ọmọ ọdún 9 sí 18 máa rí mílígíráàmù 1,300 lójúmọ́. Ife wàrà kan ní bí 300. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kì í rí ìdajì ìyẹn. Ní Jos, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1999 fi hàn pé àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀, nínú oòrùn wa tó ń mú bí iná, kálísíọ̀mù ni wọn ò rí jẹ: bíi mílígíráàmù 200 lójúmọ́. Kálísíọ̀mù ló wò wọ́n sàn ju fítámìnì D nìkan lọ. Àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ náà ti tọ́ka sí i ṣáájú ìyẹn.

Ẹ̀kọ, ẹ̀bà àti ìrẹsì ń yó ni, wọn ò ní kálísíọ̀mù tó nǹkan. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun, edé, wàrà, wàrà Fúlàní, yánmọ̀tí àti ẹ̀fọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ fi ẹ̀wà àti ẹyin kún un fún iṣan.

Wọ́n ní wọ́n fi eegun mú àwọn agbábọ́ọ̀lù tó purọ́ ọjọ́ orí. Ṣé wọ́n lè fi mọ ọjọ́ orí ọmọbìnrin mi?

Lọ́dún 2009, nígbà tí ìdíje àgbáyé àwọn ọmọkùnrin tí kò ju ọdún 17 lọ wáyé ní Nàìjíríà, FIFA fi ẹ̀rọ MRI yẹ ọrùn ọwọ́ wọn wò. Ti ọkùnrin nìyẹn. Eegun obìnrin máa ń pa dé ní bí ọdún méjì ṣáájú, nítorí náà òṣùwọ̀n ọkùnrin ò bá a mu. X-ray ò sì lè sọ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni, bí ara ṣe gbó tó ló ń sọ.

Kí ni mo lè ṣe nílé?

Ẹ fi bírò sàmì sí ara férémù ilẹ̀kùn. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ọmọ bọ́ bàtà, kó tú irun tó bá kó sókè, kó fi gìgísẹ̀ kan igi, kí ẹ gbé ìwé líle kan lé e lórí kó dọ́gba, kí ẹ sàmì, kí ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn níbi tí gbogbo ará ilé yóò ti máa kà á. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọmú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àti ọjọ́ tí nǹkan oṣù kọ́kọ́ dé. Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ mú ìwé yẹn dání, kí ẹ sì sọ ọjọ́ orí tí ẹ̀yin gan-an bàlágà fún wa.